William Liley: Dókítà tó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ inú oyún lára

Láyé àtijọ́, bí àìsàn bá mú ọmọ nínú ikùn ìyá rẹ̀, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe ju kó káwọ́ gbera, kó máa retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Bí ọmọ náà bá délé ayé láàyè, wọn yóò sáré tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá dé láàyè, wọn yóò rọ ìyá rẹ̀ pé kó gba kámú, pé omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Ọkùnrin tó fi han gbogbo ayé pé ọmọ tí kò tíì dáyé náà lè gba ìtọ́jú bí aláìsàn yòókù ni Dókítà Albert William Liley, ọmọ orílẹ̀-èdè New Zealand, ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Bill. Abẹ́rẹ́ gígùn kan, rọ́bà tínńrín kan àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló lò. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ló ṣe é, ní ọsibítù National Women's tó wà nílùú Auckland.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1929 ni wọ́n bí Liley ní Auckland yìí kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ Auckland Grammar School ló lọ, ó sì wọ yunifásítì ìlú náà kó tó forí lé Dunedin, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Otago wà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ aboyún àti ìgbẹ̀bí ló gbà á lọ́kàn níbẹ̀ ti ṣì í. Bí iṣan ṣe ń jíṣẹ́ fún ẹran ara ló kọ́kọ́ ń ṣèwádìí rẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n John Eccles, ọmọ Ọsirélíà tó ń kọ́ni ní Otago nígbà náà. Lẹ́yìn tí Liley gba oyè dókítà lọ́dún 1954, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ yìí ní Canberra, àwọn ìwé ìwádìí tó sì kọ níbẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú ìmọ̀ iṣan títí dòní. Lọ́dún 1963 ni Eccles gba ẹ̀bùn Nobel. Ọdún yẹn gan-an ni orúkọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tàn káyé, nídìí iṣẹ́ tí kò jọ ti ọ̀gá rẹ̀ rárá.

Ìyàwó rẹ̀, Margaret, dókítà ni òun náà. Nígbà tí Liley padà sí Auckland lọ́dún 1957, ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìtọ́jú aboyún tó wà nínú ọsibítù National Women's ló gbà á síṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti bá ìṣòro tó sọ ọ́ dẹni ńlá pàdé.

Yàtọ̀ sí A, B, AB àti O tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, àmì mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Rhesus. Ẹni tó bá ní in ni wọ́n ń pè ní positive, ẹni tí kò ní in sì ni negative. Bí obìnrin tó jẹ́ negative bá lóyún fún ọkùnrin tó jẹ́ positive, ọmọ lè gbé ti bàbá rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ kì í sábà ní wàhálà. Àmọ́ lọ́jọ́ ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ máa ń kán mọ́ ti ìyá, ara ìyá yóò sì kà á sí àlejò tí kò mọ̀ rí, yóò kó ọmọ ogun jọ dè é. Inú oyún kejì àti ẹ̀kẹta ni ogun náà ti ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun yìí yóò gba inú ibi ọmọ kọjá, wọn yóò máa ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó ọmọ lára mọ́, omi yóò kún inú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò rẹ̀. Àwọn kan á kú sínú. Àwọn mìíràn á wáyé pẹ̀lú ibà pọ́njú tó le débi pé ó lè ba ọpọlọ wọn jẹ́, tí wọn kò ní gbọ́ràn dáadáa, tí wọn kò sì ní lè rìn bí ẹgbẹ́ wọn.

Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ negative kò pọ̀ tó ti àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Obìnrin tí àkọ́bí rẹ̀ yè, tí gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ni kò ní sọ pé àbíkú ló ń bá a fà á? Àwọn òyìnbó pàápàá kò mọ ohun tó ń fa tiwọn títí di ọdún 1940 sí 1941, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí àmì Rhesus yìí, tí wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ikú àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí Liley fi máa débẹ̀, wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ burúkú kúrò lára ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí wọ́n ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èyí ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Wàhálà tó kù ni ti àwọn tí kò lè dúró di ọjọ́ ìbí. Bí dókítà bá tètè mú kí ìyá bímọ kí ogun inú má baà pa ọmọ náà, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè kú nítorí àìlèmí dáadáa. Bó bá dúró kí oṣù pé, ọmọ lè ti kú sínú. Àfọ̀tẹ́lẹ̀ lásán ni gbogbo wọn ń ṣe, nítorí kò sẹ́ni tó lè wo inú ilé ọmọ kó sọ bí àìsàn náà ṣe le tó.

Dókítà kan ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Douglas Bevis, ti ṣàkíyèsí pé omi tí ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ń bàjẹ́. Liley mú ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ó ń fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi náà láti ikùn àwọn aboyún, ó ń gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ó sì ń wo bí àwọ̀ pípọ́n náà ṣe pọ̀ tó. Ó kó àkọsílẹ̀ oyún tó tó ọgọ́rùn-ún jọ, ó sì fi wọ́n ya àtẹ kan tó pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọmọ tí tirẹ̀ bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ kò ní ewu púpọ̀, wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ti àárín ń fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ti òkè, ikú ti ń kanlẹ̀kùn. Ọdún 1961 ló tẹ àtẹ náà jáde, láìpẹ́ sì ni àwọn dókítà káàkiri àgbáyé ń lò ó. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àtẹ ọ̀hún títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ sikáànù tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lórí ọmọ ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Àtẹ yìí dára, àmọ́ ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí Liley mọ ọmọ tí yóò kú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, tí kò sì ní oògùn kankan tí yóò fún un. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ọjọ́ tí ilé yóò wó fún èèyàn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ló ṣí i lójú. Èkíní ni pé bó ti ń fa omi inú ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣèèṣì wọ ikùn ọmọ fúnra rẹ̀, pàápàá àwọn tí inú wọn ti wú fún omi, ọmọ kò sì kú. Èkejì wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Àlejò kan tó ti ibẹ̀ bọ̀ ló sọ fún un pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ikùn àwọn ọmọdé tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun wọn, kì í ṣe sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ náà sì ń rọra wọ ara wọn láìbàjẹ́. Àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ ńlá tí Liley ṣe kì í sábà rántí àwọn ọmọ Áfíríkà yìí, bẹ́ẹ̀ ara wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ọ̀nà náà ṣeé gbà. Ìṣan ọmọ inú oyún tínrín ju ohun tí abẹ́rẹ́ ìgbà náà lè rí lọ. Ikùn rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ṣeé fojú sùn.

Sikáànù kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà, ẹ̀rọ X-ray ni wọ́n ní. Liley á fi abẹ́rẹ́ ju oògùn tó ń hàn nínú X-ray sínú omi ilé ọmọ. Ọmọ á máa gbé omi náà mì bí ìṣe rẹ̀, oògùn á wọ inú ìfun rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì ya àwòrán, ìfun ọmọ á yọ lójú fótò bí ìlà funfun. Ohun tí Liley ń dojú abẹ́rẹ́ kọ nìyẹn. Ó gba ara ikùn ìyá wọlé, ó gba ilé ọmọ, ó sì wọ ikùn ọmọ. Á wá ki rọ́bà tínńrín bọ inú abẹ́rẹ́ náà, á fa abẹ́rẹ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ negative, èyí tí ogun ara ìyá kò lè bá jà, á sì máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ṣe é fún kò yè. Ó yẹ kí èèyàn dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kíákíá ni ìwé ìtàn ìṣègùn máa ń fò ó. Obìnrin mẹ́ta ló tẹ́ ara wọn sílẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ sí ikùn, tí wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀kẹrin gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni Liley fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ tirẹ̀ lára, ọmọ náà dúró, wọ́n bí i láàyè. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún náà.

Ìròyìn yìí tàn bí iná ọyẹ́. Ní New York, àwọn dókítà bí i Vincent Freda àti Karlis Adamsons gbìyànjú láti lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n la ilé ọmọ, wọ́n fa ẹsẹ̀ ọmọ síta láti fún un lẹ́jẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà sínú. Kò bọ́ sí i fún wọn, wọ́n sì jáwọ́. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ ti Liley ló kù tí gbogbo ayé ń tọ̀, àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń wá sí Auckland láti kọ́ ọ.

Ibi tí Liley yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kò wo ọmọ inú oyún bí ẹrù tí ìyá ń rù. Bó ṣe ń wo fótò X-ray wọ̀nyí lójoojúmọ́, ó ń rí ọmọ tó ń yí padà bó ṣe wù ú, tó ń gbé omi mì, tó ń sé súkèsúkè, tó ń sá fún abẹ́rẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n bá fi ohun dídùn sínú omi náà, ọmọ á mu ún sí i, bó bá jẹ́ ohun tí kò dùn, ọmọ á fà sẹ́yìn. Ọdún 1972 ni ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lórí èyí jáde, nínú èyí tó ti pe ọlẹ̀ ní èèyàn tó ní ìwà tirẹ̀. Ní ọsibítù kan náà, lọ́dún kan náà, Graham Liggins àti Ross Howie fi hàn pé bí wọ́n bá fún aboyún tó fẹ́ bí ọmọ kògbókògbó ní abẹ́rẹ́ kan, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ á tètè gbó. Kò jọ pé ọsibítù kan wà láyé nígbà náà tó ṣe tó National Women's fún àwọn ọmọ tí kò tíì dáyé.

Bẹ́ẹ̀, àìsàn tí Liley ń bá jà ti ń dínkù nígbà náà. Lọ́dún 1968, abẹ́rẹ́ anti-D jáde, iṣẹ́ àwọn ará Liverpool àti àwọn ará New York, tí Freda wà lára wọn. Bí wọ́n bá fún obìnrin tó jẹ́ negative ní abẹ́rẹ́ yìí kété tó bá bímọ, ara rẹ̀ kò ní kó ọmọ ogun jọ rárá, oyún tó ń bọ̀ yóò sì wà ní àlàáfíà. Ní àwọn ìlú tó ní owó àti ètò ìlera tó dúró re, ìwọ̀nba ọmọ ló tún ń nílò abẹ́rẹ́ Liley fún Rhesus mọ́. Níbi tí anti-D ti wọ́n, tàbí tí wọn kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ aboyún wò, àwọn ọmọ ṣì ń kú.

Oyè rọ̀ lé ọkùnrin yìí lórí. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Auckland, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè CMG lọ́dún 1967, nígbà tó sì di 1973, ó di Sir William Liley. Lọ́dún 1978 ni wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Póòpù ní Vatican.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Lọ́dún 1970, òun àti àwọn kan dá ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìṣẹ́yún sílẹ̀ ní New Zealand, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí òun ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní àárọ̀ kò lè di ohun tí wọ́n ń dà nù ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn kọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Lójú tiwọn, bí dókítà bá ti ń pe ọmọ inú ní aláìsàn rẹ̀, kò yẹ kó gbàgbé pé ẹlòmíràn ló gbé e sínú, pé ara ẹni yẹn ni abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, òfin tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1977 sì fún ìṣẹ́yún ní ààlà tó le. Òfin yẹn ló ń ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2020, tí wọ́n tó yọ ìṣẹ́yún kúrò lára ìwà ọ̀daràn ní New Zealand. Àwọn tó wà níhà méjèèjì ló ń fa orúkọ Liley yọ nínú àríyànjiyàn náà, kódà lẹ́yìn tó ti kú.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 1983 ló kú ní Auckland. Fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

Ọ̀nà tó là kò dí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà ní London àti Paris ti ń fi abẹ́rẹ́ rí inú iṣan ìwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ tààrà. Lọ́dún 1981, Michael Harrison àti àwọn ènìyàn rẹ̀ la ilé ọmọ ní San Francisco láti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì ló wá jàǹfààní jù nínú èrò pé ọwọ́ lè dé inú ibẹ̀.

Yorùbá mọ ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú 1,000 ìbímọ ní Ìgbò-Ọrà, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì. Ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, ibi ọmọ tirẹ̀ sì ni kálukú ní. Àwọn tó wá láti inú ẹyin kan, tí wọ́n jọra bí ìmumu, kò ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú 1,000 níbikíbi láyé. Nínú àwọn yìí, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń pín ibi ọmọ kan ṣoṣo lò. Iṣan tó so àwọn méjèèjì pọ̀ wà nínú ibi náà, èyí tí dókítà ará Jámánì kan, Friedrich Schatz, ti ṣàlàyé láti àwọn ọdún 1800. Nínú 100 irú oyún bẹ́ẹ̀, ó ń tó mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí iṣan yìí ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan á máa ṣàn lọ sára èkejì. Ẹni tí wọ́n ń fà lẹ́jẹ̀ á rù, kò ní tọ̀, omi á gbẹ yí i ká. Ẹni tó ń gbà á á yó jù, omi tirẹ̀ á kún àkúnwọ́sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ó bá le, tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀, méjèèjì ló sábà máa ń lọ.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fa omi tó pọ̀ jù náà, bí Liley ti ń fa tirẹ̀ láti ṣàyẹ̀wò. Ní 1988, Julian De Lia ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀rọ awòran tínńrín bọ inú ilé ọmọ, ó sì ń fi iná lésà jó àwọn iṣan tó so ìbejì pọ̀ títí wọ́n á fi dí, tí kálukú á wá máa jẹ ti ara rẹ̀. Àwọn dókítà ní London àti Paris gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2004, tí aboyún 142 kópa nínú rẹ̀, èyí tí ó kéré tán ọmọ kan yè nínú wọn jẹ́ 76 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba lésà, ó sì jẹ́ 56 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fa omi nìkan fún.

Oríṣi wàhálà mìíràn tún wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gba iṣan tó rí bí òwú kọjá láàárín irú ìbejì bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìfa omi púpọ̀, títí ọ̀kan á fi funfun, tí èkejì á sì pọ́n bí ẹní ki orí bọ epo. Ọ̀kan lára ìtọ́jú tí wọ́n ń fún èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ikùn ìyá wọlé, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Nígbà míì, bí ojú iṣan kò bá ṣeé rí, inú ikùn ọmọ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun, bí Liley ti ṣe é ní 1963.